Mànàmáná, Ẹṣin Tó Mọ Èèyàn Kí

Òórùn aró àti ìgbẹ́ ẹṣin ni mo fi máa ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìtokú, ìyá mi á ti máa rẹ aṣọ nínú ìkòkò aró, Mànàmáná náà á ti máa fi pátákò gbá ilẹ̀ pé ọkà bàbà òun dà. Ìyá mi kò fẹ́ràn ẹṣin yẹn rárá. Ọ̀sẹ̀ tó dé ilé wa gan-an ló lá ẹ̀kọ tí wọ́n fi ya iṣẹ́ sára àdìrẹ márùn-ún, ó lá a mọ́ tónítóní.

"Bàbá Rìsí, ẹ ti lọ ra ẹran tó ń jẹ aṣọ," ni ìyá mi wí. "Ẹ má retí mi níbi eré rẹ̀ láéláé."

Aṣọ ni bàbá mi ń tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹṣin ló gba ọkàn wọn. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, àwọn tó lẹ́ṣin máa ń sáré ìdíje lórí pápá kan lọ́nà Adigbẹ. Àlàájì kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwa ti gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mejì, kò sì jẹ́ ká gbádùn. Ni bàbá mi bá fọ́nnu lójú ọjà: "Bí Mànàmáná ò bá gba ipò kìíní lọ́dún yìí, ẹ wá rà á lọ́wọ́ mi!"

Èmi ni mo sì ń gùn ún. Bàbá Jímọ̀, ará Ìlọrin tó ń kọ́ ẹṣin náà ní eré, sọ pé ẹni tó fúyẹ́ ni ẹṣin ń fẹ́. Òun wúwo, bàbá mi sì wúwo jù ú lọ.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà la máa ń lọ sí pápá. Bàbá Jímọ̀ á kọ́kọ́ fa ẹṣin rìn kí ara rẹ̀ lè yá, lẹ́yìn náà ni yóò tó jẹ́ kí n tú u sílẹ̀. Tí a bá ṣe tán, á fọwọ́ lé e láyà títí èémí rẹ̀ á fi balẹ̀. Ìtọ́jú gidi ni. Àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á di í ní gàárì, wọ́n á gùn ún yí ọjà ká, kò sì sẹ́ni tí wọn kì í dúró kí. "Ẹni tí kò mọ èèyàn kí kò lè tajà," ni wọ́n máa ń sọ. "Ẹ kú ọjà o!" Ẹṣin á dúró. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Á tún dúró, á tẹrí ba, àwọn oníṣu á sì fún un ní èèpo iṣu. Bàbá Jímọ̀ bẹ̀ wọ́n títí: "Bàbá Rìsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹṣin eré lẹ fi ń ṣàbẹ̀wò yìí o." Ẹ̀rín ni bàbá mi fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ eré pé, ẹṣin mẹ́fà la jọ tò. Bí wọ́n ṣe ju aṣọ funfun sílẹ̀, Mànàmáná fò jáde, atẹ́gùn gba ìbòrí lórí mi. Mo bojú wẹ̀yìn, àwọn yòókù ti jìnnà. Ó ku bí ogún ìgbésẹ̀ ká dé òpin eré ni mo rí ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí wọ́n ta sí etí pápá, àwọn tó láwọn ò ní wá láéláé, aró ṣì wà lọ́wọ́ wọn dé ìgúnpá. Inú wọn ti dùn kọjá ààlà.

"Rìsí mi! Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Mànàmáná dúró gbagidi. Èmi ò dúró. Mo gba orí rẹ̀ kọjá, ó di inú koríko. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, ẹṣin ti tẹrí ba fún ìyá mi, ó ń wá èèpo iṣu lọ́wọ́ wọn. Àwọn márùn-ún yòókù sì kọjá lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Àlàájì yẹn gbé owó àti okùn dé ilé wa, ó lóun wá mú ẹṣin òun. Ìyá mi ló dìde.

"Nínú gbogbo ilé yìí," ni wọ́n wí, "òun nìkan ló ń tẹrí ba fún mi. Kò níbi tó ń lọ."

Bàbá mi wò wọ́n, ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu wọn. "Àlàájì, ẹ má bínú. Ìyàwó mi ti rà á."

Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bínú sí ìyá mi. Lójú ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà, àgbàlagbà tó bá fẹ́ pa ẹnu mọ́ lè pa á mọ́. Ní báyìí mo ti lé ní ogójì ọdún, iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe, ọmọbìnrin mi sì ń sáré fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní: "Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan." Mo ṣèlérí fún un. Nígbà tó yọ síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ ohùn kan tó ń ké tantan. Ìgbà tí gbogbo èèyàn yíjú sí mi ni mo tó mọ̀ pé ohùn mi ni.