Fíríìjì Tí Mo Dá Dùbúlẹ̀

Lásìkò tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí ọjà òkèèrè ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, kò sẹ́ni tó ń ra fíríìjì tuntun ládùúgbò wa ní Ẹdẹ. Èyí tó bá ti dípẹtà, wọn á gbé e wá fún mi kí n tún un kùn.

Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi níṣẹ́ ọ̀dà. Ohun tí wọ́n kọ sára agolo ni mo ń kà títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí, tí mo sì wá ń fún gbogbo nǹkan lórúkọ ní Yorùbá. Ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ń di irin mú kí tòkè tó wá, mo pè é ní àwọ̀tẹ́lẹ̀. Kókó wẹẹrẹ tó máa ń yọ lójú ọ̀dà nígbà ooru, irorẹ́ ni. Èyí tó bá ṣàn wálẹ̀ bí omijé, ẹkún ni. Gbígbẹ pàápàá, méjì ni: gbígbẹ ojú, tí ọwọ́ ò ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, àti gbígbẹ inú, tí èékánná ò ní lè wọ̀ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣiṣẹ́ l'Ékòó sọ fún mi pé ọ̀dà kan wà tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, pé iná mànàmáná ló ń mú kó lẹ̀ mọ́ irin, tí wọ́n á wá yan án nínú ààrò. Ó ní kì í sunkún rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Èmi ò ní ààrò, ilẹ̀ ni mo ní. Ohun tí mi ò bá fẹ́ kó sunkún, mo máa ń dá a dùbúlẹ̀ kí n tó fọ́n ọ̀dà sí i.

Ìyá kan wà lódìkejì ọ̀nà wa, Mùsùlùmí ni wọ́n, yìnyín ni wọ́n ń tà. Oṣù ààwẹ̀ lọjà wọn. Bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n ṣínu, èrò á ti kún ẹnu ọ̀nà wọn pẹ̀lú ike àti abọ́ lọ́wọ́. Èrè oṣù yẹn ni wọ́n fi ń gbé ọdún ró. Nígbà tí ààwẹ̀ ń bọ̀, wọ́n ní kí n wá wo ìdí fíríìjì wọn.

"Ọlọ́dà, sáà bá mi fi nǹkan bò ó. Àwọn èèyàn ń wo ìpẹtà, wọ́n ń wo omi mi."

"Ìyá, a kì í fi ọ̀dà bo ìpẹtà, á máa jẹ ẹ́ lábẹ́ ni. A ó ha á, a ó fi sáńpépà bó o, a ó wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ fún un—"

"Fíríìjì ń wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀! Ta ló ra tuntun fún èmi gan-an látìgbà tí ìlú ti le?"

Mo kọ́kọ́ kùn ún lóòró. Ẹkún tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣàn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èyí náà ti dáa," ni Ìyá wí. "Ta ló máa wò ó?"

"Èmi ni."

Mo bó ọ̀dà náà dànù. Èmi àti Ìyá jọ dá fíríìjì náà dùbúlẹ̀ sórí àpò ìdọ̀họ, mo sì tún un kùn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá béèrè, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé inú rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n rí oṣù ààwẹ̀ la tó gbé e dìde. A gbé e sọdá, Ìyá sì so ó mọ́ iná lójú ẹsẹ̀. Àwọn ará ilé ń wo eyín ara wọn lójú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Fíríìjì náà kùn, ó wúkọ́, ó dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe tú ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ta ló dá a dùbúlẹ̀?" ló béèrè. "Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ṣàn gba ibi tí kò yẹ. Bẹ́ ẹ bá gbé e dìde, ṣe ló yẹ kó dúró kí ọ́ìlì padà kó tó mu iná. Ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Níbo lẹ ti fẹ́ rí òmíràn nírú àkókò yìí?"

Mo mọ orúkọ gbogbo àrùn tó ń ṣe ojú irin. Mi ò bi ara mi rí pé kí ló wà nínú rẹ̀.

"Iná ló bà á jẹ́," ni Ìyá wí. "Iná burúkú tó wá lánàá yẹn."

Ọkùnrin náà wò mí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

"Ìyá, èmi ni mo—"

"Mo mọ̀. Ṣé mi ò bá ẹ gbé e sílẹ̀ ni? Bọ́rọ̀ yìí bá délé dóko, ta ló máa gbé tiẹ̀ wá fún ẹ mọ́? Ẹnì kan ní láti rí jẹ nínú wa."

Jálẹ̀ ààwẹ̀ yẹn, mò ń gbọ́ ohùn wọn nírọ̀lẹ́: "Kò sí o, ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ ọjà." Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ ra yìnyín lọ́nà Òṣogbo kí wọ́n lè rí nǹkan tà. Omi ló kù nínú àpò nígbà tí mo délé.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n gbé fíríìjì náà síta, wọ́n da gàrí sínú rẹ̀, òun ni wọ́n ń tà. Bí oníbàárà bá ní, "Ìyá, nǹkan yín mà ń dán o! Ta ló kùn ún?" wọn á na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà mi.

Báyìí ni fíríìjì fi ń wá bá mi, látọ̀dọ̀ wọn. Òòró ni mo ń kùn wọ́n. Bí ọ̀dà bá sunkún lára wọn, èmi kì í nù ún.