Lẹ́tà Tí Mo Túmọ̀ Já Geere

Ọ̀gá òyìnbó ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ló pinnu pé kí a kọ́ èdè Sípéènì. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbèríko Ìbàdàn ti ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Fẹnándò Póò, erékùṣù tí àwọn ará Sípéènì ń gbin kòkó sí, ọ̀gá sì ní wọn yóò nílò akọ̀wé níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí à ń kọ́ kò tíì gbọ́ràn sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un pé ẹni tí kò mọ ìwẹ̀ odò ló ń tì sínú òkun?

Olùkọ́ tí wọ́n mú wá ti ṣe akọ̀wé oko kòkó níbẹ̀ rí. Fìlà òyìnbó kan wà lórí rẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn. A gbà pé ó ń dé e sùn. Ìlànà rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: wàá dìde, wàá ka gbólóhùn kan sókè, wàá túmọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wàá bọ́ sí èkejì. Ẹni tó bá dúró ronú, pàṣán ni. Bí o bá sì kan orúkọ ènìyàn, kí o fò ó, nítorí orúkọ kò ní ìtumọ̀. Níwájú ogún ọmọ Yorùbá ló ti sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jiyàn. Bí o bá kà á já geere, á ní "Muy bien," ìyẹn ni pé o káre. Mo gbọ́ ọ ju gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ, ó sì gùn mí.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo gbé bàtà mi kọ́ èjìká títí mo fi dé etí abúlé wa lọ́nà Ìjàyè, kí n tó wọ̀ ọ́. Mo fi èdè Sípéènì kí ewúrẹ́, mo fi kí àwọn tó ń kọ ebè. Baálé ilé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ìwé ló ń ṣe mí.

Lọ́jọ́ kejì ni lẹ́tà dé. Àgbẹ̀ kan tó ti Ìbàdàn bọ̀ ló mú un wá, nítorí orúkọ abúlé wa ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé tó kà á tì níbẹ̀ ní kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ó jọ pé erékùṣù kòkó ló ti wá. Ìyá Elépo, opó àbúrò Baálé, gbá lẹ́tà náà mọ́yà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí a jọ máa ń dẹ òkété, ti lọ sí erékùṣù náà láti ọdún mẹ́ta, kò sì ránṣẹ́ rí. Epo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó na lẹ́tà sí mi.

"Ọkọ mi, akọ̀wé," ó ní, "bá mi gbọ́ ohun tí ọmọ mi wí."

Mo dìde láàárín agbo ilé, mo húkọ́ díẹ̀. Mo fo orúkọ tó wà lókè. Mo kà, mo túmọ̀, mo bọ́ sí èkejì: a fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún yín pé ibà mú òṣìṣẹ́ tí a dárúkọ rẹ̀ lókè yìí fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó kú ní ilé ìwòsàn oko wa. A ti sin ín. Àpótí rẹ̀ àti ẹní rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣòro fún mi. Mo mọ ibà, mo mọ àpótí. Mo ká ìwé náà, mo gbójú sókè, mo ń retí "Muy bien."

Adìẹ nìkan ló ń rìn.

Nílé wa, a kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ abiyamọ lórí. Àwọn àgbà ni à á kọ́kọ́ sọ fún nínú yàrá. Wọn á ní ara ọmọ náà kò yá. Tó bá dọ̀la, wọn á ní àìsàn náà le sí i. Àwọn ènìyàn á máa wọlé wá jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìyá á fi mọ̀ fúnra rẹ̀. Mo mọ èyí kí n tó mọ A, B, D.

"Ta ni wọ́n ní ó kú?" Baálé bi mí. Ohùn rẹ̀ kò sókè rárá.

Mo tún ìwé náà ṣí. Mo wo ibi tí mo fò. Orúkọ tí mo fi ń pe ọmọ Ìyá Elépo nígbà tí a bá fẹ́ lọ wẹ̀ lódò ló wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí mo ti sọ.

Ìyá Elépo fi etí ìró rẹ̀ nu epo ọwọ́ rẹ̀, ìka kan tẹ̀lé èkejì, ó sì jókòó sílẹ̀.

"Ọkọ mi," ó ní, "tún un kà. Ti òyìnbó yẹn nìkan. Má túmọ̀ ẹ̀ fún mi mọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. N kò lè kọjá rẹ̀.