Rọ́bọ́ọ̀tì Inú Agolo

Wọ́n ti sọ rọ́bọ́ọ̀tì tí a ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà èwe wa di fíìmù ńlá. Bí irin rẹ̀ ṣe ń dán lórí fóònù ọmọ mi, inú bí mi.

Nígbà náà, ní Fìdítì, Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n mi fi agolo mílíìkì ṣe irú rẹ̀. Rọ́bà ló fi so ọrùn rẹ̀, orí rẹ̀ sì ń mì.

Wòlíì ìjọ wa yà sílé lọ́sàn-án. "Bàbá Káyọ̀dé, ère wo rèé?"

"Inú tẹlifíṣọ̀n la ti rí i, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Dákẹ́! Kí ló wá ń mirí sí mi fún?"

Bàbá wa fi ọmọ odó fọ́ rọ́bọ́ọ̀tì náà. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù kí ìjọ má baà lé òun ló ba Bàbá.

"Dọ̀bálẹ̀, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ wòlíì!" ni Bàbá pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ sórí agolo fífọ́ náà, ó sì dúpẹ́.