Ilé Màlúù Onísìmẹ́ńtì

Ẹ bá mi kí sìmẹ́ńtì, ọba ìyẹ̀fun, èyí tí a dà sílẹ̀ tí onílé fi ń yan bí ìjòyè! Ní Ìlobùú, ẹni tó bá da sìmẹ́ńtì sójúde ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn tó ń gbá eruku. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí a ń pè ní Bàbá, wá rékọjá gbogbo wọn: ilé màlúù ló dà á sí. Màlúù oníwàrà mẹ́ta péré ni wọ́n. Kí àlejò tó jókòó, yóò kọ́kọ́ lọ wo ilẹ̀ náà.

Nígbà tó yá, èyí tí wàrà rẹ̀ pọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Kò pẹ́, kò fẹ́ dìde mọ́. Bàbá ní koríko Ìfọ́n, ìlú tó múlé tì wọ́n, tó jẹ ni, nítorí lójú tirẹ̀, gbogbo ohun búburú ti Ìfọ́n ni wọ́n ti ń wá. Alápatà ń bọ̀ wá mú un lọ́la. Èmi tí mo kàwé ohun ọ̀sìn ní yunifásítì dúró síbẹ̀, mò ń pe orúkọ àrùn lóríṣiríṣi.

Obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà ló yà kí wa. Ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ màlúù náà, ó gbóòórùn pátákò rẹ̀. Ó wá fi àtẹ́lẹsẹ̀ tirẹ̀ ra ilẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín.”

“Èmi ni mò ń tiro ni?”

“Ẹ bọ́ ọ ná. Ẹ dúró síbẹ̀ títí n ó fi ṣe tán.”

Bàbá bọ́ ọ. Ilẹ̀ náà ń họ ẹsẹ̀, ìtọ̀ sì rin ín gbingbin. Mo di màlúù mú, obìnrin náà ń fi ọ̀bẹ kékeré gé pátákò. Òkúta wẹ́wẹ́ kan jábọ́, ọyún dúdú tẹ̀lé e. Bàbá ti ń gbé ẹsẹ̀ kan sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀.

“Ó ń dùn yín?”

“Díẹ̀.”

“Tọ̀sán tòru ni tirẹ̀. Ìtọ̀ mú kí pátákò rẹ̀ rọ̀, òkúta wá ráyè wọlé. Ẹ mú un lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ.”

A fà á lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí alápatà dé pẹ̀lú okùn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, màlúù náà ti dìde, ó ń jẹ koríko Ìfọ́n.

“Lọ wá ewúrẹ́ rà,” ni Bàbá wí fún un.

Mo ti jókòó níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n púpọ̀. Kò sí èyí tó mọ ìbéèrè í bi bí obìnrin yẹn.

Bàbá yíjú sí mi. “Kí ni wọ́n wá kọ́ ọ ní yunifásítì?”

Màlúù méjì ń bẹ nílé mi ní Ìfọ́n, lórí sìmẹ́ńtì tí èmi náà dà. Fọ́tò rẹ̀ ló wà lójú Wáàsáàpù mi.