Òrí Tí Mo Fi Sí Pẹ́dà Gìtá Ọkọ Mi

Òrí kì í ṣe ọ́ìlì. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, kí ẹnikẹ́ni má tún un sọ fún mi. Ṣùgbọ́n olórí kunkun ni mí látilẹ̀wá. Tí mo bá ti pinnu ohun kan, ó parí nìyẹn.

Gìtá tí ọkọ mi gbé bọ̀ láti Èkó kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Ó dà bíi tábìlì tóóró kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, okùn wáyà mẹ́wàá sì nà gbalaja lórí rẹ̀. Ẹni tó ń lù ú á jókòó sí ìdí rẹ̀, á máa fi ọwọ́ òsì ti irin róbótó kan síwá-sẹ́yìn lórí okùn, á sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún ta okùn náà. Pẹ́dà mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀. Tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan á fa okùn le, ohùn á gòkè. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, okùn á dẹ̀, ohùn á padà sí àyè rẹ̀. Mo fẹ́ràn ohùn yẹn kọjá sísọ. Bí ó bá ti ń gòkè bọ̀, omi á ti máa lé ròrò lójú mi.

Aránṣọ ni mí, maṣíìnì mi náà ní pẹ́dà, ó ní ọ̀pá. Nígbà tí ọkọ mi rí i pé ọwọ́ mi mọ irin, ó fi ìtọ́jú gìtá náà lé mi lọ́wọ́. Gbogbo Sátidé la máa ń dojú rẹ̀ dé sórí ẹní. Màá yọ àwọn ọ̀pá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, màá fi àkísà nu eruku Òmù-Àrán kúrò lára wọn, màá kán ọ́ìlì maṣíìnì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, màá sì fi wọ́n kọ́ padà. Lẹ́yìn náà, á jókòó, á máa tẹ̀ ẹ́, èmi á sùn sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sípánà kékeré, màá máa yí nọ́ọ̀tù tó wà ní ìparí ọ̀pá.

"Fún un díẹ̀ sí i. Ó tó, ó tó! Ó ti pọ̀ jù, dá a padà."

"Ẹ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ o, ọrùn ń dùn mí."

"Ìyá àwọn ọmọ, ẹ̀kán ọ́ìlì kan ni mo ní kí o fi sí i. Ṣé ọbẹ̀ lò ń sè ni?"

Báyẹn la ó ṣe máa bú ara wa, tí a ó máa rẹ́rìn-ín títí oòrùn á fi wọ̀. Háà, mo ṣàárò àwọn Sátidé yẹn o.

Bàbá ọkọ mi nìkan ni kì í bá wa rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ni, àgbà ìjọ sì ni. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé kí a tó gba òmìnira, nígbà tí ìjọba Àríwá ní Kàdúná ṣì ń ṣe olórí wa. Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ gan-an ni ọmọ rẹ̀ pa ẹ̀kọ́ olùkọ́ tì, tó bá ẹgbẹ́ olórin jùjú lọ sí Èkó. Bàbá ní òun kò bímọ sílé ọtí. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú ká, tí a kó padà sí agbo ilé, láràárọ̀ ni ọkọ mi ń dọ̀bálẹ̀ kí i, èmi ni Bàbá sì máa ń dá lóhùn: "Ìyàwó, ṣé ẹ jí dáadáa?" Ọkùnrin gíga bẹ́ẹ̀, ó máa dìde, á gbọn eruku àyà rẹ̀ nù. Ó dùn mí wọ egungun.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, olùṣọ́-àgùntàn wa ní kí ọkọ mi wá fi gìtá náà lu orin níbi Ìkórè. Àwọn àgbà kan ń kùn, wọ́n sì ní Bàbá ni kó dá sí i. Ojú Bàbá ti ṣú nígbà náà, kò ríran mọ́, igi ló fi ń rìn.

"Kó wá lù ú," ni Bàbá wí. "Àmọ́ bí mo bá gbọ́ ilé ọtí níbẹ̀, kó gbé e jáde, kí òun náà má sì wọ ilé mi mọ́. Ẹsẹ̀ nǹkan ọ̀hún tilẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn."

Nítorí híhan yẹn ni mo ṣe dáwọ́ lé iṣẹ́ lọ́sàn-án Sátidé, tí ọkọ mi wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin. Ọ́ìlì ti tán, ìsọ̀ tí mo ti ń rà á sì wà ní títì. Òrí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Èsìẹ́ wà níbẹ̀, oòrùn ti yọ́ ọ nínú abọ́, ó ń dán yinrin. Mo ní kí ló kù? Mo bù ú sí gbogbo oríkèé. Pẹ́dà dákẹ́ mìnìjọ̀. Mo kí ara mi kú iṣẹ́.

Lówùúrọ̀ Sọ́ńdè, ọjọ́ Ìkórè, ọyẹ́ mú débi pé ètè ń là. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fún gìtá náà níná kò tètè dáhùn, ọkọ mi kò ráyè dán pẹ́dà wò. Wọ́n gbé gìtá náà síwájú àga àwọn àgbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ Bàbá. Mo ti rán aṣọ funfun tó bo abẹ́ rẹ̀ kí irin má bàa hàn. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ orin. Ó tẹ pẹ́dà, ohùn gòkè. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ohùn kò padà. Akọrin wà níbì kan, gìtá wà níbòmíràn. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ta pẹ́dà náà sókè, kò gbéra. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá di igi rẹ̀ mú gírígírí.

 Yéè, òrí! Òrí ti dì!

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kúnlẹ̀ láàárín gìtá àti ẹsẹ̀ Bàbá, mo dorí kodò, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ aṣọ náà, mo di oríkèé irin yẹn mú, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Irin náà tutù bí omi àmù. Yọ́, jọ̀ọ́, yọ́. Akọrin dá orin dúró. Obìnrin kan ní, "Ó ń bẹ Bàbá nítorí ọkọ rẹ̀." Kí n tó mọ̀, ìyàwó ilé wa kan ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi, òmíràn sì tẹ̀ lé e.

"Kí ló dé?" ni Bàbá bèèrè.

Ẹni tó jókòó tì í dáhùn pé, "Ìyàwó yín ni, Bàbá. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀."

Bàbá na ọwọ́, ó ń wá mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọwọ́ mi ni. Ó dì í mú, ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀.

"Ó tó. Dìde, ìyàwó mi, mo ti gbọ́." Ó yí orí sí apá gìtá. "Ọmọ mi, lu orin rẹ."

Ọmọ mi! Ọkọ mi kò lè lù ú lójú ẹsẹ̀, ó ń sunkún. Nígbà tó wá tẹ̀ ẹ́, pẹ́dà lọ, pẹ́dà sì padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun àti Bàbá jọ jẹ iyán nínú abọ́ kan.

Ọkọ mi tú irin náà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. "Ta ló fi òrí sí i?" A rẹ́rìn-ín títí ìhà fi dùn wá, a sì ní a kò ní sọ fún ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n gbogbo àlejò ni Bàbá ń sọ fún pé ìyàwó òun ló kúnlẹ̀ bẹ òun lójú gbogbo ìjọ. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, màá wá nǹkan ṣe lẹ́yìnkùlé. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó jí ìdáríjì gbé.

Ọdún bíi mélòó kan kọjá. Bàbá kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́, ọyẹ́ sì tún dé. Mo jókòó tì í, mo ń fi òrí pa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó là.

"Ìyàwó mi."

"Bàbá."

"Má lò ó tán. Ṣẹ́ díẹ̀ kù fún irin ọkọ rẹ."

Ọwọ́ mi dúró. "Bàbá, ẹ mọ̀?"

"Ojú mi ló ṣú, imú mi kò di. Òórùn òrí àti irin ló wà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀, ẹ sì dárí ji ọmọ yín?"

Ó yí orí sọ́dọ̀ mi. "Láti ọjọ́ tó ti lọ sí Èkó ni mo ti ń retí ẹni tí yóò wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ẹnikẹ́ni kò wá."

Mo tún bu òrí, mo mú ẹsẹ̀ kejì, mo ń pa á lọ. Mo ṣẹ́ díẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀ abọ́.