Ó Pè Mí Ní Àjọkẹ́

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, n kò gbọ́n débi tí n ó fi lè hun irọ́ tó gùn báyìí. Ojú mi yìí ló rí i, lọ́sàn-án gangan, lóko wa lẹ́yìn Ìdó-Ilé. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àjọkẹ́, ń bọ̀ láti oko nínú òjò. Ó pọ̀n mí sọdá odò, ó sọ̀ mí kalẹ̀, ó ní kí n má kúrò níbẹ̀. Ó padà sódìkejì lọ gbé agbọ̀n. Odò gbé e lọ lójú mi.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo dàgbà, wọ́n ní ojú rẹ̀ gan-an ni mo gbé wọ̀. Yèyé mi yọ àdìrẹ rẹ̀ kan fún mi láti inú àpótí. Òun ni mo ró lóko lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, tí mò ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tí a sá sórí ẹní.

Ẹnì kan pe "Àjọkẹ́" lẹ́yìn mi. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹyẹ fò.

Mo yíjú. Bùrọ̀dá Dáre ni, àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi, tó ti lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Àkúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, kí odò tó gbé Àjọkẹ́. N kò rí i mọ́ láti ìgbà náà. Ó yẹ kí n ti fura: kò fi ọjọ́ kan dàgbà sí i.

"Mo pẹ́ kí n tó dé," ló wí. "Má bínú. Àṣé o ṣì ń ró aṣọ tí mo rà!"

Mo di etí àdìrẹ náà mú.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí ò ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà! Ta ló ti ẹnu rẹ pa?"

Ó yẹ kí n sọ pé èmi kọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí gbọ́, gbogbo ènìyàn tó bá wo ojú mi ló máa ń mí kanlẹ̀. Òun nìkan ló wò ó tó yọ̀.

Ó bọ́ bàtà, ó bá mi yí kòkó. A ń lọ, a ń bọ̀. Èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. Òórùn epo ọkọ̀ wà lára rẹ̀.

"Ṣé ò ń dúró dè mí?"

Mo fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa. N kò níí lọ síbòmíràn mọ́."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ká ẹní. Ipa ẹsẹ̀ tèmi nìkan ni mo rí nínú kòkó.

Mo gbójú sókè. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Mo sáré délé, mo sọ fún Yèyé mi. Igbá bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Èé ti rí? Dáre kẹ̀? Wọ ulé, kó o ti ilẹ̀kùn!" Wọ́n wá sọ ọ́ sí mi létí: "Kò pẹ́ tí odò gbé ẹ̀gbọ́n rẹ ni ọkọ̀ pa Dáre lọ́nà Àkúrẹ́. A kò tíì ránṣẹ́ sí i. Kò gbọ́ pé Àjọkẹ́ kú. Ìwọ náà, ẹrù tó wà lọ́kàn rẹ ti pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tá ò fi sọ fún ọ."

Ṣé ẹ rí ohun tí mo ṣe? Ọ̀run ni Àjọkẹ́ wà. Ibẹ̀ ló yẹ kí Dáre lọ bá a. Èmi ni mo dá a dúró sí oko kòkó.

Bí ìgbà kòkó bá ti dé, òórùn epo ọkọ̀ á dé bá mi lọ́sàn-án. Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n sọ: "Èmi kọ́ ni Àjọkẹ́, Bùrọ̀dá Dáre. Ó ti lọ ṣáájú. Ẹ lọ bá a." Mo ti sọ ọ́ fún igi, mo ti sọ ọ́ fún ewúrẹ́. Bó bá ti pè mí báyìí, ẹnu mi á pa dé.

Àdìrẹ náà sì ni mo ṣì máa ń ró lọ sóko.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin bíi tèmi, bí ẹnì kan bá fi orúkọ ẹlòmíràn pè yín, ẹ tètè sọ orúkọ yín kó tó rẹ́rìn-ín. Bó bá ti rẹ́rìn-ín, ẹ̀pa ò bóró mọ́.