Ọjọ́ Tí Mo Sọ fún Ẹ̀rọ Pé Ó Tó

Ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́, nítorí àyà mi ṣì ń sáré bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọmọ mi obìnrin ló sọ pálọ̀ wa ní Yábàá di ibi iṣẹ́. Ó ń ṣe ìwé kíkà Yorùbá sórí fóònù fáwọn ọmọ iléèwé. Èmi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo ń bá a yẹ àmì ohùn wò.

Ẹ̀rọ olóye kan nínú kọ̀ǹpútà ló ń bá wa kọ ìwé náà, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í fẹnu pàṣẹ fún un. Gbogbo iṣẹ́ ló wà lára pátákó kan lójú kọ̀ǹpútà, àlẹ̀mọ́ aláwọ̀ tí o bá lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ kan ni ẹ̀rọ máa kà. Lẹ "Ó yá" mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe fúnra rẹ̀. Lẹ "Dúró", kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi pariwo mọ́ ọmọ iléèwé. Èyí kàn rí àlẹ̀mọ́, ó gbéra! Àlẹ̀mọ́ kẹta tún wà níbẹ̀, "Ó tó". Mi ò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá wo ló ń bèèrè ìtumọ̀ "ó tó"?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí iléèwé kan ní Sùúrùlérè fẹ́ kọ́kọ́ lo ìwé wa, ọ̀gá ibẹ̀ ti kìlọ̀ pé bóun bá rí àṣìṣe kan péré, ká palẹ̀ mọ́. Mo ṣí ojú ìwé kẹta. "Ìyá mi ra ọkọ tuntun." Háà! Ọkọ̀ la ní kó kọ. Àmì kékeré kan jábọ́, ìyá ọlọ́mọ ti lọ ra ọkọ lọ́jà. Ẹ̀rọ tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọkọ náà ló ń rà. Inú bí mi. Mo lẹ "Ó tó" mọ́ ọn: ó tó gẹ́ẹ́, fi sílẹ̀!

Fóònù ọmọ mi dún nílé ìdáná níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun: ẹ̀rọ ń ta á lólobó.

"Dádì! Ta ló lẹ 'Ó tó' mọ́ ojú ìwé kẹta?"

"Èmi ni. Ìranù rẹ̀ ti tó."

"Yéè, Dádì! 'Ó tó' tiwa, ó kún ojú òṣùwọ̀n ni o! Ojú ìwé yẹn nìkan ló kù, ó ti fẹ́ fi gbogbo ìwé ránṣẹ́ sí iléèwé!"

"Wá pa á, jọ̀ọ́!"

"Ìyẹ̀fun ló kún ọwọ́ mi! Ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹ lẹ 'Dúró'!"

Kí ẹ̀rọ tó fi nǹkan ránṣẹ́, á kọ́kọ́ ka gbogbo ojú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogún ni wọ́n. Ó ti dé ìkejìdínlógún. Mo sáré lẹ "Dúró" mọ́ ọn. Ó dúró! Lójú ẹsẹ̀, bí ọmọ tó rí ẹgba. Mo hó débi pé ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbọ́ mi ní Jíbówú.

Mo fọwọ́ ara mi dá àmì ohùn padà sórí ọkọ̀, mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, mo wá lẹ "Ó tó" mọ́ ọn, ojúlówó.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, olùkọ́ iléèwé náà pè wá, ó gbé fóònù sáàárín kíláàsì. "Ìyá mi ra ọkọ̀ tuntun!" làwọn ọmọ ń ké. Ọmọ mi dì mọ́ mi, ìyẹ̀fun kún gbogbo ẹ̀yìn aṣọ mi.

Látọjọ́ náà, bó bá ń bu oúnjẹ fún mi, tí mo ní "Ó tó", ṣíbí á dúró lófuurufú.

"Dádì, èwo nínú méjèèjì?"